Ariwo Olè ní Dùgbẹ̀

Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú ọ̀pọ̀ géèmù tó lókìkí lónìí. Ẹni tó ń gbá a á tẹ̀ ẹ́, ojú ìran á di búlúù, gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ ọ̀ràn tó wà nílẹ̀ á sì máa tàn yinrin: ipasẹ̀ ọ̀daràn lórí símẹ́ńtì, ihò ọta lára ògiri, eegun àwọn jàǹdùkú tó lúgọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò ku ohun tó fẹ́ rò mọ́. Á tọ ipasẹ̀ tó ń tàn, á ká ọ̀daràn mọ́ ibi tó sá sí, á lù ú ní àlùbami, ọ̀ràn bùṣe. Bí wọ́n bá yọ ẹ̀ṣẹ́ kúrò nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀, kò ní ku nǹkan kan. Bí wọ́n bá yọ ìwádìí kúrò, bóyá lẹnì kan á fura.

Ọ̀dọ̀ Batman ni àṣà yìí ti gbilẹ̀. Bob Kane àti Bill Finger ló dá Batman sílẹ̀ ní 1939 nínú ìwé aláwòrán Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Detective Comics. Ní 2009, ilé-iṣẹ́ Rocksteady ní Lọ́ńdọ̀nù gbé géèmù Arkham Asylum jáde. Arkham City tẹ̀lé e ní 2011, ó sì ṣí ìlú sílẹ̀ gbayawu fún ẹni tó ń gbá a, kó máa ti orí òrùlé kan fò dé òmíràn, kó dá sí ìjà tó bá wù ú, kó fi èyí tí kò wù ú sílẹ̀. Ìjà inú wọn dùn, ọ̀pọ̀ géèmù tó dé lẹ́yìn wọn ló sì kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ní 2014, Ubisoft gbé Watch Dogs jáde, níbi tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Aiden Pearce ti ń fi fóònù dọdẹ ọ̀daràn kiri Chicago. Bó bá ti kọjú fóònù náà sí èèyàn lójú pópó, orúkọ onítọ̀hún, iṣẹ́ tó ń ṣe, iye tó ń gbà àti àṣírí kan nípa rẹ̀ á yọ síta. Wọn ò tíì kí ara wọn, ó ti mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sì ju ti ọgbọ́n géèmù lọ. Ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá, tí kò gbàṣẹ lọ́wọ́ adájọ́, tó wá ń lu èèyàn lóru, nǹkan kan ṣoṣo ló lè dá a láre: kó jẹ́ pé ẹni tó ṣẹ̀ gan-an ló ń lù. Àwọn géèmù yìí ti bá a yanjú ìyẹn kó tó jáde nílé. Ẹni tí géèmù bá ti sọ pé jàǹdùkú ni, jàǹdùkú náà ni. Kò sí pé bóyá ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀, kò sí pé bóyá oògùn ọmọ ló ń sáré lọ rà. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ kì í ṣìnà. Ìlú tí èmi àti ẹ̀yin ń gbé kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Èrò tèmi ni pé géèmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí kò fàyè gba àṣìṣe kò tíì débi iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe èyí tó pé, Ìbàdàn ìparí àwọn ọdún 1960 ni kó gbà lọ.

Àwọn kan ti gbìyànjú, ó yẹ ká fi iyì wọn fún wọn. Ilé-iṣẹ́ Team Bondi ní Sydney lo kámẹ́rà 32 láti ya ojú òṣèré kọ̀ọ̀kan fún L.A. Noire, tó jáde ní 2011, kí ẹni tó ń gbá a lè wojú ẹlẹ́rìí ní Los Angeles ọdún 1947, kó sì mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ àbí irọ́. Èèyàn lè ju aláìṣẹ̀ sẹ́wọ̀n nínú rẹ̀. Àmọ́ bó bá jù ú, ọ̀gá á bínú díẹ̀, ẹjọ́ mìíràn á dé, ìtàn á máa bá tirẹ̀ lọ. Frogwares náà, nínú Sherlock Holmes: Crimes & Punishments ti 2014, jẹ́ kí èèyàn dá ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lẹ́bi. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá bọ́ tán ló tó lè mọ̀ bóyá òun ṣì í.

Lucas Pope tún ta wọ́n yọ ní 2018 pẹ̀lú Return of the Obra Dinn. Ọgọ́ta èèyàn ló wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan, iṣẹ́ ẹni tó ń gbá a sì ni kó mọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ohun tó ṣe é. Géèmù náà kì í fìdí ìdáhùn kankan múlẹ̀ àfi bí ó bá pé mẹ́ta tó tọ̀nà. Ẹni tó bá ń méfò lásán, á méfò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nínú Shadows of Doubt ti ColePowered Games, tó kọ́kọ́ jáde ní 2023, kọ̀ǹpútà ló ń dá ìlú sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo ará ìlú ló ní ilé, iṣẹ́, àkókò tó ń sùn, ìtẹ̀ka tirẹ̀, títí dé iye bàtà tó ń wọ̀. Apààyàn kan á wà láàárín wọn, á sì máa lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ti Middle-earth: Shadow of Mordor, tó jáde ní 2014, tún yàtọ̀: ọ̀tá tí ẹ bá fi sílẹ̀ láìpa á padà wá pẹ̀lú àpá tí ẹ dá sí i lójú, á sì rán yín létí. Warner Bros. gbàwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yẹn ní 2021, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn lè kàn mú lò. Àmọ́ kò sí ẹni tó lè gbàwé ẹ̀tọ́ lórí pé kí ìlú rántí ohun tí a ṣe sí i.

Gbogbo irinṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí yóò kó wọn pọ̀ náà ti wà nílẹ̀ láti 1969. Ọdún yẹn ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé ìwé ìtàn Àjà Ló Lẹrù jáde. Àgbàlagbà Akàn tẹ̀lé e ní 1971. Ẹni tó bá ka ìwé méjèèjì mọ Lápàdé: ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, kò sí lẹ́nu iṣẹ́ náà mọ́, síbẹ̀ kò lè jókòó sílé kó máa wo ọ̀daràn níran. Tàfá Ìgíríìpá ló ń bá a kẹ́sẹ̀. Kò sí àṣẹ ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, làákàyè, ẹnu àti àyà ló kù tó ń ná. Kò ní aṣọ dúdú tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kò sì lówó Batman.

Àsìkò náà gan-an kò fararọ. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, kò parí títí di 1970. Àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà dìde sí owó orí ní 1968, nígbà tó sì di 1969 wọ́n ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Ìdigunjalè gbòde débi pé ìjọba ológun ṣòfin ní 1970 pé ikú ni ìyà adigunjalè. Ní oṣù Kẹsàn-án 1971, wọ́n yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì ní Bar Beach l'Ékòó níṣojú ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èrò. Ẹni tí wọ́n bá pè lólè lásìkò yẹn, ẹ̀mí rẹ̀ ló wà lẹ́nu ẹni tó pè é.

Máàpù géèmù náà kò gbọ́dọ̀ tóbi. Láti Ọjà Ọba lọ sí Mápó, kó sọ̀ kalẹ̀ sí Agbéni, kó gba Ògùnpa dé Gbági àti Dùgbẹ̀, ó tó. Gbọ̀ngàn Mápó ti wà lórí òkè rẹ̀ láti 1929, Ilé Kòkó alájà 26 sì ti dúró ní Dùgbẹ̀ láti 1965, kò sí ìdí láti ya ọfà sójú ìran fún ẹni tó bá ṣìnà: kó gbójú sókè. Ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà, torí pé 2 oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Pọ́n-ùn àti ṣílè ni wọ́n ń ná, náírà kò dé títí di 1973. Bọ́lẹ̀kájà ń gbé èrò àti ẹrù pọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ sáré lé afurasí wọ agbo ilé, àfi kó mọ ẹ̀yìnkùlé wo ló já sí èwo.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹjọ́ kan. Olè kan pa ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù kòkó kan ní Gbági. Lára ìṣó tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, aṣọ ya kù síbẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọ̀ búlúù kankan kò ní tàn lára rẹ̀. Ẹni tó ń gbá géèmù náà lè kọjá lára rẹ̀ láì rí i, bí ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ débẹ̀ ṣe kọjá. Bó bá rí i, á rí i pé adìrẹ ẹlẹ́kọ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Dùn: òpó Gbọ̀ngàn Mápó rèé nínú rẹ̀, ṣíbí rèé láàárín òpó. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ẹ̀kọ ni wọ́n ń tì bọ̀, kí wọ́n tó rẹ aṣọ sínú aró. Ọwọ́ obìnrin méjì kì í ya òpó Mápó bákan náà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà á wo àwẹ́ aṣọ yìí, á sì mọ ẹni tó kọ ọ́.

Àmọ́ ta ló máa sọ fún un? Ibí ni ìkíni ti ṣe pàtàkì ju ìbọn lọ. Bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà bá kàn já wọ ẹbu aró, tó na aṣọ síta, tó bi ìyá arúgbó pé ta ló ni ín, èsì kan ni yóò gbọ́: "Ọmọ ta ni ọ́ ná?" Gbogbo ẹbu á dákẹ́, kò sì ní rí ọ̀rọ̀ gbà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá dọ̀bálẹ̀, tó ní "Àrẹdú o, ẹ̀yin ìyá wa," tó dúró kí wọ́n dá a lóhùn, tó bèèrè ọmọ, tó bèèrè ara, ẹnì kan á sún àpótí fún un. Lọ́dọ̀ onídìrí, "ojú gbooro o" ni. Lọ́dọ̀ ọlọ́jà, "ajé á wọgbá." Ilà ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ á sọ apá ibi tó ti wá fún un, bó bá mọ pélé yàtọ̀ sí àbàjà. Nígbà tí ìyá kan bá sì ń fi oríkì rọ ọmọ tó ń sunkún, orílẹ̀ tí baba ọmọ náà ń fi pa mọ́ lè jáde síbẹ̀. Kò sí fóònù tó lè kà á. Etí ló ń gbọ́ ọ.

Ká ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wa ṣe é dáadáa. Wọ́n á júwe ẹni tó kọ aṣọ náà fún un, ẹni yẹn á sì sọ pé wọ́n ra púpọ̀ nínú rẹ̀ fún ìkómọ kan ní Òkè Àdó. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ ní Dùgbẹ̀ wà lára àwọn tó rà á, etí ìró tirẹ̀ sì ti ya. Ó ní òun ò mọ ibi tó gbé ya. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ tọ́ka sí i.

Ohun ìjà tó lágbára jù nínú géèmù yìí wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbá a látìbẹ̀rẹ̀, kò ná an ní kọ́bọ̀. Ó lè pariwo "Olè!" Bó bá ti pa á láàárín ọjà, alápatà á sọ̀bẹ kalẹ̀, awakọ̀ á bọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ tó ń bẹ́gi á mú igi dání. Kò ní láti lu ẹnikẹ́ni fúnra rẹ̀. Ní àwọn géèmù tó kù, ẹ̀ṣẹ́ ni agbára, ẹni tó bá sì ju ẹ̀ṣẹ́ lè dáwọ́ dúró. Ariwo kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin lohùn. Bó bá pariwo náà tán, tó wá rí i pé òun ti ṣèèṣì, kò sí bọ́tìnnì tí yóò fi dá èrò padà. Ohun tó kù fún un ni kó fara rẹ̀ sáàárín igi àti obìnrin yẹn, kó máa bẹ̀bẹ̀, kí àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í bóyá ẹlẹgbẹ́ olè lòun náà.

Obìnrin ẹlẹ́kọ kò sì jalè. Ó yá àbúrò orogún rẹ̀ ní ìró náà láti fi bo ẹrù nígbà tí òjò ń bọ̀, ẹ̀rù orogún ló ń bà á tí kò fi lè sọ. Ẹni tó bá padà lọ bi orogún kó tó pariwo, á gbọ́ ọ. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yẹn gan-an ni òfin tó yẹ kí wọ́n kọ́ géèmù yìí lé: ẹ̀rí kan kò tó, ẹnu kan kò tó, àfi kí ó bèèrè lọ́tùn-ún, kó bèèrè lósì.

Bí obìnrin náà bá kú, géèmù kò gbọ́dọ̀ parí, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n padà sẹ́yìn láti tún un ṣe. Ilẹ̀ á mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ á máa ta ẹ̀kọ ní ìsọ̀ ìyá wọn. Wọ́n á sọ ọ́ ní ẹbu aró, wọ́n á sọ ọ́ nídìí bọ́lẹ̀kájà, nígbà tí ẹni tó ṣe é bá sì tún dọ̀bálẹ̀ kí ìyá arúgbó, ìyá náà á dá a lóhùn, àmọ́ kò ní sún àpótí. Apààyàn gan-an á ṣì wà ní Gbági, á máa kó kòkó, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí wọ́n ti pa ẹlòmíràn dípò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré lásán fún wa. Ní 5 oṣù Kẹwàá 2012, ní Aluu nítòsí Port Harcourt, àwọn èrò lu ọmọ yunifásítì mẹ́rin pa, wọ́n sì dáná sun wọ́n, torí pé ẹnì kan pariwo olè lé wọn lórí. Ní 2017, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún èèyàn mẹ́ta lórí ọ̀ràn náà, ọlọ́pàá kan sì wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tó lè fi ọkàn kan sọ pé ká má ṣọ́ ara wa. Ọdẹ ló ń ṣọ́ ìlú kí ọlọ́pàá tó dé ilẹ̀ Yorùbá. Ọdún 1994 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ OPC sílẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kìíní 2020, Ìbàdàn ni àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ìwọ̀ oòrùn gúúsù ti ṣí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn. Ọlọ́pàá kò tó, ọ̀nà oko kò dára, àwọn èèyàn kò lè máa kawọ́ gbera. Ìyẹn ló jẹ́ kí Lápàdé yẹ ju Batman lọ fún iṣẹ́ yìí. Batman ń bá ìlú rẹ̀ wí láti orí òrùlé. Ẹni tó bá ń ṣọ́ àdúgbò nílẹ̀ wa, àárín àwọn tó ń ṣọ́ ló ń gbé, òun àti ẹni tó mú jọ máa tún pàdé níbi ìsìnkú ni.

Nítorí ìyẹn, bí ẹjọ́ bá ti yọjú tán, ọ̀nà mẹ́ta ni kí géèmù ṣí sílẹ̀. Èèyàn lè mú ọ̀daràn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìyágànkú, bí ẹ̀rí bá tó láti dúró níwájú adájọ́. Bí kò bá tó, wọ́n á dá a sílẹ̀, á sì mọ ẹni tó mú òun. Ó lè mú un lọ bá mọ́gàjí agbo ilé rẹ̀, kí wọ́n sanwó ìtánràn, kí ìlú tòrò, kí òfin ìjọba má gbọ́. Ó sì lè fi í lé èrò ọjà lọ́wọ́. Kò sí èyí tó mọ́ tónítóní nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì yẹ kí géèmù fún ẹnikẹ́ni ní ìràwọ̀ torí pé ó yan ọ̀kan.

Àwọn kan á ní ta ló máa fowó ra ìbànújẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló jókòó ti Obra Dinn, tí kò ní ìjà kankan, tó jẹ́ pé òkú ni wọ́n ń wò látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun tó ń dùn mọ́ wọn ni pé nígbà tí ìdáhùn bá tọ̀nà, àwọn mọ̀ pé làákàyè àwọn ló ṣe é. Àṣeyọrí tí kò lè di ìjákulẹ̀ kì í pẹ́ sú èèyàn.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Géèmù ìlú gbayawu tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń ṣe ń gba ọ̀pọ̀ ọdún àti òbítíbitì owó, a ò sì gbọ́dọ̀ tan ara wa jẹ pé a ní in. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kékeré ló ṣe Shadows of Doubt, àwòrán rẹ̀ kò sì ju igun mẹ́rin-mẹ́rin tí wọ́n tò jọ. Ní Yaoundé, ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games parí géèmù Aurion ní 2016. Ohun tí yóò náni lówó jù ni ohùn: kí wọ́n gba ohùn àwọn òṣèré tó gbọ́ Yorùbá Ìbàdàn dénú, kí ẹlẹ́kọ sọ̀rọ̀ bí ẹlẹ́kọ, kí mọ́gàjí má sì sọ̀rọ̀ bí oníròyìn rédíò. Bí wọ́n bá fẹ́ lo Lápàdé gan-an, àfi kí wọ́n gbàṣẹ. Ọdún 2019 ni Òkédìjí di olóògbé, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ní Nàìjíríà sì ń dáàbò bo iṣẹ́ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Bí àṣẹ kò bá sí, kí wọ́n dá ẹlòmíràn sílẹ̀ tó jìyà lọ́wọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá, tó sì lówe lẹ́nu.

Kí wọ́n má tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ìbàdàn lódindi. Kí wọ́n ṣe ẹbu aró kan, ìsọ̀ ẹ̀kọ kan, ilé ìkẹ́rù kan àti ogún èèyàn tó ń rántí ohun tí wọ́n bá rí. Kí wọ́n gbé e fún ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́, kí wọ́n máa wo iye àwọn tó pariwo kí wọ́n tó bi orogún léèrè. Bí ìdajì wọn bá ṣèèṣì lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì bi ẹlòmíràn kí wọ́n tó lanu lẹ́ẹ̀kejì, géèmù náà ti ṣiṣẹ́, kí wọ́n wá lọ wá owó tí wọ́n máa fi kọ́ ìyókù ìlú.